Àkàyé Kì í Ṣe Iṣẹ́ Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì Nìkan

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú iṣẹ́ Yorùbá nílé ìwé tó kó gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sínú: àkàyé. Ìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀, kíkà àti yíyé, èkíní ò sì pé láìsí èkejì. Bẹ́ẹ̀, "kà" tí a fi ń ka ìwé náà la fi ń ka owó àti ọsàn. Ọmọ kan lè ka odindi ojú ewé bí ẹni ń ka ọsàn, kó mú ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó pè wọ́n já gaara, kó sì pa ìwé dé láìmọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́. Ó ti kà, ṣùgbọ́n kò yé e. Ọrùn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì la máa ń fi ẹ̀bi ìyẹn kọ́. Bí ọmọ bá gba òdo nínú ìṣirò, olùkọ́ ìṣirò á ní Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́. Bó bá kọ ìkọkúkọ nínú ẹ̀kọ́ ìṣèjọba, olùkọ́ rẹ̀ á ní ọmọ náà ò lè kàwé, á sì máa bá nóòtì tirẹ̀ lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ò lè dá ẹrù yìí gbé, bó ti wù kó mọṣẹ́ tó, nítorí pé ìwé sáyẹ́ǹsì, ìwé ìṣirò àti ìwé ìtàn kì í fi ìtumọ̀ wọn pamọ́ síbì kan náà. Olùkọ́ tó mọ ibi tí ìwé iṣẹ́ tirẹ̀ ń fi í pamọ́ sí ló yẹ kó mú ọmọ débẹ̀.

Ní Abuja, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ìlú tí òfin dá sílẹ̀ ni, gbogbo ìpínlẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ti wá síbẹ̀. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo ní Kubwa tàbí Nyanya, ọmọ Gbagyi tó jẹ́ onílẹ̀ lè jókòó ti ọmọ Tiv, kí ọmọ Ìgbò wà lẹ́yìn wọn, kí ọmọ Ẹ̀bìrà, ọmọ Yorùbá àti ọmọ Nupe wà lápá kejì. Hausa àti pìjíìnì ni wọ́n fi ń ṣeré ní pápá. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìwé wọn. Ìlú yìí kan náà ni àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè fi ṣe ibùjókòó: àjọ UBEC wà ní Wuse, JAMB wà ní Bwari, NERDC tó ń ṣe kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù sì wà ní Sheda. UNICEF sì ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta pé nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàrin ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà, bíi mẹ́ta ni kò lè ka gbólóhùn tó rọrùn kó sì yé wọn. Nínú àwọn mẹ́ta yẹn, àwọn kan ò tíì mọ álífábẹ́ẹ̀tì rárá, ọ̀rọ̀ tiwọn sì yàtọ̀. Ẹni tí kò mọ lẹ́tà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ lẹ́tà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ mi kàn ni àwọn tó ti kọjá ibẹ̀, tí wọ́n ti wà ní kíláàsì kẹrin sókè títí dé girama, tí ètè wọn ń lọ geere lórí ìwé. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀. Ohùn tó já geere yẹn ni ìyẹ́ tí kì í jẹ́ kí olùkọ́ rí òógùn ọmọ.

Ìṣòro yìí ní ìdí kan tí a kì í sábà dárúkọ, òun ni pé ìwé fúnra rẹ̀ ti kúrò nínú kíláàsì. Olùkọ́ ló ń ka ìwé nílé, òun ló ń yọ kókó inú rẹ̀, òun náà ló ń kọ kókó ọ̀hún sójú pátákó; ọmọ á dà á kọ sínú ìwé àjákọ, á há a sórí, á sì dà á padà lọ́jọ́ ìdánwò. Gbogbo iṣẹ́ àkàyé tó wà nínú ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ ti bá wọn ṣe é tán kó tó wọlé. Òun ló rò pé gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì, tí ìyẹn kò ṣe pàtàkì; òun ló rí i pé ìpínrọ̀ kejì ta ko èkíní; òun ló wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Ó ń jẹun fún ọmọ, ó sì ń retí kí ọmọ sanra. Ọdún mẹ́fà ní girama lè lọ báyìí kí ọmọ má tíì fi ara rẹ̀ ka ojú ewé mẹ́rin tó jẹ́ àjèjì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbọ̀ngàn WAEC ló ti máa kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, wọ́n á gbé àyọkà tí kò rí rí síwájú rẹ̀, wọ́n á ní kó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ kókó inú rẹ̀ ní ṣókí, ẹni tó bá sì kàn da gbólóhùn inú àyọkà kọ báyẹn á pàdánù máàkì. Iṣẹ́ tí a ti bá a ṣe fún ọdún mẹ́fà la wá ní kó dá ṣe lọ́jọ́ kan.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn olùkọ́ kan ń fún ọmọ ní àyọkà, tí wọ́n sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bíbéèrè kì í ṣe kíkọ́ni. Ní 1978 sí 1979, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Dolores Durkin, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde: ó lọ jókòó sí kíláàsì, ó sì ń wo aago láti mọ ohun tí àwọn olùkọ́ ń fi àkókò ìwé kíkà ṣe. Àkókò tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní bí a ṣe ń lóye ohun tí à ń kà kò tó ìṣẹ́jú kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù lọ sórí bíbéèrè, pípín iṣẹ́, àti sísọ ẹni tó gbà á àti ẹni tó ṣì í. Olùkọ́ tó bá bi ọmọ pé, "Kí ni kókó ìpínrọ̀ yìí?" tó gbọ́ ìdáhùn tí kò tọ̀nà, tó sì yíjú sí ẹlòmíì títí ẹnìkan fi gbà á, ìdánwò ló ṣe. Ọmọ tó ṣì í ò tíì mọ ọ̀nà tí ẹni tó gbà á gbà débẹ̀. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní bí wọ́n ṣe ń ro ọkà, a ò ní máa tọ́ ọkà wò kí a máa sọ pé ó dùn tàbí kò dùn. A ó pè é sídìí iná kó rí bí ọwọ́ wa ṣe ń yí ọmọrogùn.

Kí wá ni yíyé ìwé gan-an? Ní 1986, àwọn onímọ̀ méjì, Gough àti Tunmer, sọ ọ́ lọ́nà tó rọrùn: yíyé ìwé ni agbára láti pe ọ̀rọ̀ tó wà lójú ìwé ní ìlọ́po agbára láti lóye èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ìlọ́po ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní àròpọ̀. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn olùwádìí méjì, Recht àti Leslie, fi ohun kan kún un. Wọ́n kó ọmọ girama 64 jọ, wọ́n fún wọn ní àyọkà nípa eré bésíbọ́ọ̀lù. Àwọn kan nínú wọn mọ̀wé kà dáadáa, àwọn kan ò mọ̀ ọ́n kà tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan mọ eré náà dunjú, àwọn kan ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí kò mọ̀wé kà tó, tí wọ́n sì mọ eré náà, lóye àyọkà náà ju àwọn ọ̀jáfáfá òǹkàwé tí kò mọ eré náà lọ. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí kò lè ka ojú ewé méjì nínú ìwé ìtàn, tó sì ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù Arsenal láti orí dé ìdí, kó sì máa tú àṣírí ìdí tí kóòṣì fi yọ agbábọ́ọ̀lù kan, kò ní jiyàn pẹ̀lú wọn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Gbogbo òǹkọ̀wé ló ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀. Ìmọ̀ tí òǹkàwé ti ní nínú lọ́hùn-ún ni àbọ̀ kejì. Ìmọ̀ yìí ò sì sí lọ́wọ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ló ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wọ kíláàsì ìṣirò, ibi tí ọ̀pọ̀ rò pé kò sí ìwé kíkà níbẹ̀. Ìbéèrè náà lọ báyìí: ìyá kan ra ọsàn 40 ní ọjà Garki, náírà 100 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin bàjẹ́. Ó ta ìyókù ní náírà 150 ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èló ni èrè rẹ̀? Ọmọ kan á yọ 100 kúrò nínú 150, á sọ 50 di ìlọ́po 40, á kọ 2,000. Òmíràn á rántí pé mẹ́rin ti bàjẹ́, á sọ 50 di ìlọ́po 36, á kọ 1,800. Ẹ̀kẹta á mọ̀ pé ìyá náà ti san owó lórí ọsàn tó bàjẹ́ pẹ̀lú: ó ná 4,000, ó pa 5,400, èrè rẹ̀ jẹ́ 1,400. Ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ ìyọkúrò, gbogbo wọn ló mọ ìlọ́po. Èyí tó kọ 1,800 ò ṣàṣìṣe kankan nínú ìṣirò. Ohun tó kà ni kò rí pẹ̀lú ojú inú, kò rí ìyá tó ń da ọsàn mẹ́rin nù tòun ti owó tó fi rà wọ́n. Olùkọ́ tó bá kàn fi péènì pupa kọjá lára 1,800 ti sọ àǹfààní kan nù. Èyí tó bá ní kí wọ́n pa ìwé ìṣirò mọ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n sọ ìtàn ìyá ọlọ́sàn náà láìdárúkọ nọ́ńbà kankan, ti kọ́ wọn ní àkàyé, kò sì kúrò nínú ìṣirò. Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní kí ọmọ kọ "four less than twenty", mẹ́rin ló kọ́kọ́ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ ogún ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà lórí ìwé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń yí i padà tí wọ́n ń kọ 4 ṣáájú. Ọmọ Yorùbá tó bá wà níbẹ̀ ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ́nu láti ilé: mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin tó dín nínú ogún. Bí olùkọ́ bá bi í, á ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo kíláàsì.

Ìwé sáyẹ́ǹsì ní ọgbọ́n tirẹ̀ tó fi ń pa nǹkan mọ́. Ó máa ń gba ọ̀rọ̀-ìṣe, á sọ ọ́ di orúkọ, á wá yọ ẹni tó ṣe é kúrò. Ká mú àyọkà lórí bí wọ́n ṣe ń tún omi mímu ṣe, irú omi adágún Lower Usuma tí ọ̀pọ̀ ilé ní Abuja ń mu. Ìwé á kọ "sedimentation", á kọ "filtration", á ní wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí i. Ta ni "wọ́n"? Kí ló rọ̀ sílẹ̀, láti ibo? Ọmọ á há "sedimentation" sórí bí ẹni há orúkọ ìlú tí kò dé rí. Iṣẹ́ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì níbí ni láti tú orúkọ padà sí ìṣe: ìdọ̀tí ń rọlẹ̀ sísàlẹ̀ omi. Kó wá bi wọ́n léèrè ohun tí ìwé ò sọ jáde: kí nìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi álọ́ọ̀mù sí i kí omi tó gba inú yanrìn kọjá? Torí pé ìdọ̀tí tó kéré gan-an á yọ́ gba àárín yanrìn, tàbí kó dí i. Álọ́ọ̀mù ló ń so kéékèèké pọ̀ di ńlá kó lè wúwo. Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ fún irú àyọkà yìí ni kí ọmọ yà á bí àwòrán: àpótí kan fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọfà láàrin wọn, àti ọ̀rọ̀ "torí pé" lórí ọfà kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá dé orí ọfà tí kò ní ohun tó máa kọ sí i, ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ á sì rí i kí olùkọ́ tó sọ.

Ọ̀rọ̀ kan náà sì lè wọ aṣọ mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní àárọ̀, olùkọ́ ìṣirò á ní 2 "to the power of" 3. Kó tó di ọ̀sán, olùkọ́ físíìsì á ní "power" ni iṣẹ́ tí a ṣe láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn bíréèkì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìṣèjọba á ní "power" ni agbára láti mú kí ẹlòmíì ṣe ohun tí a fẹ́. Kí wọ́n tó délé, iná á lọ, àwọn ará àdúgbò á sì máa bèèrè ohun tó ṣe "power". Kò sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó lè la ọmọ já nínú gbogbo ìyẹn. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó sọ pé, nínú yàrá yìí, ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí nìyí, kì í ṣe ohun tí ẹ gbọ́ láàárọ̀.

Nínú ìtàn ni àkàyé ti jinlẹ̀ jù. Ní 1991, olùwádìí kan, Sam Wineburg, fún òpìtàn mẹ́jọ àti akẹ́kọ̀ọ́ girama mẹ́jọ ní àwọn ìwé àtijọ́ kan náà láti kà. Àwọn òpìtàn kọ́kọ́ ń wo ẹni tó kọ ìwé, ìgbà tó kọ ọ́ àti ohun tó ń wá, kí wọ́n tó ka ohun tó sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bíi pé Ọlọ́run ló sọ ọ́. Ọmọ Abuja ò nílò láti lọ wá ìwé àtijọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ìtàn ìlú tó ń gbé tó. Ní oṣù kẹjọ 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Àgúdà láti wo ọ̀rọ̀ olú-ìlú. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ ti jábọ̀. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976, Òfin Nọ́ńbà 6 dá Agbègbè Olú-Ìlú sílẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá 1991 ni ìjọba tó kó kúrò ní Èkó lábẹ́ Ibrahim Babangida. Nóòtì lójú pátákó máa ń dúró síbẹ̀, ọmọ á há ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Olùkọ́ tó ń kọ́ àkàyé á bi wọ́n pé: ọdún mélòó ló wà láàrin òfin àti ìkólọ, kí ló sì lè ṣẹlẹ̀ láàrin rẹ̀? Wọ́n pa Murtala ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí òfin jáde. Kí nìdí tí iṣẹ́ náà kò fi bá a kú? Ìwé ní wọ́n yan ibẹ̀ torí kì í ṣe ilẹ̀ ẹ̀yà ńlá kankan. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, ta ni gbólóhùn yẹn kò sì kà sí èèyàn? Ọmọ Gbagyi tó jókòó níbẹ̀, tí àwọn òbí àgbà rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n ṣí nípò, ní àbọ̀ kejì ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Ìwé ìtàn ò ní sọ ọ́ fún kíláàsì bí olùkọ́ ò bá fún un láyè.

Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní àkàyé kò le. Ní 1984, Annemarie Palincsar àti Ann Brown dán ọ̀nà kan wò pẹ̀lú àwọn ọmọ girama tó lè pe ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ìwé kì í yé. Wọ́n pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké. Bí wọ́n bá ka ìpínrọ̀ kan tán, ẹni tí ó kàn á bi àwọn yòókù ní ìbéèrè kan, á sọ kókó rẹ̀ ní ṣókí, á tọ́ka sí ibi tó rú u lójú, á sì méfò ohun tó ń bọ̀. Ìgbà tó bá yá, ẹlòmíì á gba ipò olùkọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, olùkọ́ gidi ló ń ṣe é tí wọ́n ń wò ó. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yọ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà tẹ̀ síwájú gan-an, ìtẹ̀síwájú náà sì hàn nínú àyọkà sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ tí wọ́n ń kà nínú kíláàsì mìíràn. Ohun tó wú mi lórí nínú rẹ̀ ni pé kò jìnnà sí ohun tí àwọn àgbà wa ń ṣe nídìí àlọ́. Àlọ́ àpamọ̀ ń kọ́ ọmọ láti méfò láti inú àbọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú àlọ́ àpagbè, apàlọ́ ń dúró, ó ń jẹ́ kí wọ́n gbe orin, ó sì ń bèèrè ní ìparí ohun tí ìtàn náà kọ́ wọn. Ọmọ tó ń dá apàlọ́ dúró láti bèèrè ìdí tí Ìjàpá inú àlọ́ fi ṣe ohun tó ṣe ti ń ṣe àkàyé kó tó mọ lẹ́tà kan. Ó yẹ kí ìwé bá ìwà yẹn níbẹ̀, kó sì mú un tẹ̀ síwájú. Nóòtì dídàkọ ló ń pa á.

Kí olùkọ́ tó pín wọn sí ẹgbẹ́, ó yẹ kó fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Kó ka ìpínrọ̀ kan sókè, kó máa sọ ohun tó ń lọ lọ́kàn rẹ̀ jáde: "Ó ní ‘ṣùgbọ́n’ níbí, ìyẹn ni pé ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Ẹ jẹ́ n ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e bóyá ó ṣàlàyé rẹ̀. Rárá, kò ṣàlàyé. N ó padà sókè." Ó lè ti àwọn olùkọ́ kan lójú láti sọ níwájú ọmọ pé nǹkan ò yé àwọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn gan-an ni ọmọ nílò láti gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ gbà pé ẹni tó mọ̀wé kì í dúró, kì í padà sẹ́yìn; nítorí náà, bí nǹkan bá rú wọn lójú, wọ́n á sáré kọjá kí ẹnikẹ́ni má baà rí i.

Àtakò àkọ́kọ́ tí olùkọ́ máa gbé dìde ni àkókò. Píríọ́ọ̀dù ò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 lọ, síkíìmù gùn, ìdánwò ń bọ̀. Mi ò fojú kéré wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àkókò náà ń lọ báyìí: apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ọmọ fi ń da nóòtì kọ. Bí olùkọ́ bá yọ ìṣẹ́jú 15 kúrò nínú nóòtì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó fi ka àyọkà kúkúrú kan pẹ̀lú wọn, síkíìmù ò ní fà sẹ́yìn tó bí ó ṣe ń bẹ̀rù. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù tuntun tó dín iye iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe kù. Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ohun tó yẹ kó gba ibẹ̀ nìyí.

Èkejì ni ìwé àti èrò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba ní Gwagwalada, Kuje tàbí Abaji, ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì, ìwé ò kárí. Àtakò yìí lágbára, ìjọba ló sì yẹ kó dáhùn rẹ̀ jù. Síbẹ̀, àyọkà tí mò ń sọ kò ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Pátákó tí à ń kọ nóòtì sí gba gbólóhùn mẹ́wàá látinú ìwé gan-an, pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀, láìṣe àkópọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé ni ọmọ ń rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ti jẹ kúná. A lè ṣe ẹgbẹ́ bíi ti Palincsar ní mẹ́rin mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni ò sì ní láti gbé àga.

Ẹ̀kẹta ni èdè, òun ni mo kà sí jù. Àwọn kan ní ìṣòro yìí ò ju pé ọmọ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ, nítorí náà kí a fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti jẹ́léósinmi. Ìjọba náà fara mọ́ èrò yìí: ètò èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ni wọ́n fagi lé ní oṣù kọkànlá 2025. Mo rò pé ìpinnu náà kò tọ̀nà. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, tí Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọ́n tayọ àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin sókè, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Òye tí wọ́n ti ní nínú Yorùbá ló bá wọn wọnú Gẹ̀ẹ́sì.

Mo gbà pé Abuja kì í ṣe Modákẹ́kẹ́. Èdè abínibí ta ni a máa lò nínú kíláàsì tí èdè mẹ́fà wà? Ìbéèrè yẹn tọ́. Ìdáhùn mi ni pé èdè ìwé àti èdè ìjíròrò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí àyọkà wà ní Gẹ̀ẹ́sì, torí Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ mẹ́rin bá forí jọ lórí bẹ́ǹṣì láti wá ìdí tí álọ́ọ̀mù fi ṣáájú yanrìn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Hausa tàbí pìjíìnì jà á sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí. Olùkọ́ tó ń na ọmọ torí pé ó sọ "vernacular" nírú àsìkò yẹn ń na yíyé gan-an, òye sì ni ohun tó torí rẹ̀ wá síbẹ̀.

Àtakò tó kù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní ọgbọ́n kíkà bíi ìméfò àti ìsọníṣókí kì í ṣe idán. Bí ọmọ kò bá mọ nǹkan kan nípa omi, ọgbọ́n yìí ò ní mú kí àyọkà omi yé e. Òtítọ́ ni, òun náà ló sì gbe ohun tí mò ń sọ lẹ́sẹ̀ jù lọ. Bí ìmọ̀ bá jẹ́ àbọ̀ yíyé, tí ìmọ̀ omi sì wà nínú kíláàsì sáyẹ́ǹsì, tí ti èrè àti àdánù wà nínú kíláàsì ìṣirò, ibẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti kọ́ kíkà wọn. Àkàyé tí a yà sọ́tọ̀ sínú píríọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àyọkà kan lórí ìrìn-àjò lọ sí London, jẹ́ ọgbọ́n tí kò ní ohun tó máa fi ọwọ́ kàn.

Kò sí èyí tó máa ṣẹlẹ̀ bí a bá kàn sọ ọ́ lé olùkọ́ lórí. Ní 2025, àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Abuja daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nítorí owó oṣù, àwọn ọmọ sì jókòó sílé. Ẹni tí kò rí owó rẹ̀ gbà ò ní ráyè jókòó yan gbólóhùn mẹ́wàá. Lẹ́yìn owó, ibi tí mo máa bẹ̀rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, irú College of Education tó wà ní Zuba: kí ẹni tó ń kọ́ láti di olùkọ́ ìṣirò tàbí ìtàn má kúrò níbẹ̀ láì tíì ka ojú ewé kan nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ọmọ, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ṣe ń yé e. Ohun tó kéré jù lè bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀la, kò gba owó. Nígbà tí ọmọ bá dáhùn ìbéèrè, ìbáà gbà á, ìbáà ṣì í, kí olùkọ́ má sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kó bi í pé: níbo nínú ìwé ni o ti rí i? Kó sì dúró títí ọmọ náà á fi fi ìka tọ́ka sí i.